Ṣé o mọ̀? Bọ́ǹbù ọlọ́mọyọyọ àti bí a ṣe ń dá àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀

Ṣé o mọ̀ pé bọ́ǹbù kan wà tó jẹ́ pé àpótí lásán ni? Ọkọ̀ òfuurufú á jù ú sílẹ̀, tàbí kí àgbá ogun yìn ín, á dé òkè, á là, á sì da ohun tó wà níkùn rẹ̀ sórí ìlú tàbí oko tó wà nísàlẹ̀. Bọ́ǹbù kéékèèké ló ń dà jáde bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lè lé ní 600. Cluster bomb ni àwọn oníròyìn ń pè é. Níbí, bọ́ǹbù ọlọ́mọ ni a ó máa pè é: àpótí náà ni ìyá, àwọn tó dà jáde ni ọmọ. Ìyá kò ní wàhálà. Bó bá ti tú ẹrù rẹ̀ tán, ó di páànù àlòkù. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ni ọ̀rọ̀ wà, pàápàá àwọn tó já bọ́ tí wọn ò bú.

Ṣé o mọ iye ọmọ tí ìyá kan lè gbé? CBU-87 ti Amẹ́ríkà ń gbé 202. Rockeye, Amẹ́ríkà kan náà ló ṣe é, ń gbé 247. BL755 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 147. Belouga ti Faransé, 151. Ọta kékeré MAT-120 tí Sípéènì ṣe, 21 péré. Rọ́kẹ́ẹ̀tì M26 kan ṣoṣo ń gbé 644, ẹ̀rọ tó ń yìn ín sì lè yin 12 kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ṣírò rẹ̀ wò: 7,728 ọmọ bọ́ǹbù, láti inú ọkọ̀ kan.

Ṣé o mọ ìdí tí àwọn kan kì í fi í bú? Fíúsì, ìyẹn ohun tó ń tanná ràn án, fẹ́ kí nǹkan líle gbá òun. Bí ọmọ bọ́ǹbù bá já sínú ẹrẹ̀, sínú yìnyín, sórí igi eléwé, tàbí tó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ dípò kó forí lélẹ̀, kò ní gbọ́ ìlù tó yẹ kó jó sí. Ṣùgbọ́n pé kò bú kò túmọ̀ sí pé ó ti kú. Ó lè jẹ́ pé ìdajì iṣẹ́ inú rẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀, tó sì ku díẹ̀ kíún. Kò sí ẹni tó lè mọ ìyẹn láti ìta, kódà àwọn tó fi iṣẹ́ náà jẹun.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ bọ́ǹbù tó kọ́kọ́ lókìkí láyé ní ìyẹ́? Àwọn Jámánì ló ṣe é, SD-2 lorúkọ rẹ̀, kìlógíráàmù 2 ló wọ̀n. Páànù tó bò ó lára á ṣí sílẹ̀ lófuurufú, á di ìyẹ́, ìyẹ́ náà á sì máa yí bó ṣe ń bọ̀ nílẹ̀. Nítorí ìyẹ́ yìí ni àwọn ará Bìrìtìkó fi sọ ọ́ ní bọ́ǹbù labalábá. Ní oṣù kẹfà ọdún 1943, wọ́n dà á sórí ìlú Grimsby àti Cleethorpes ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó há sórí òrùlé, ó há sínú igi, ó há sínú kòtò omi. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé irú fíúsì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà fún un: èyí tó ń bú bó bá ti kanlẹ̀, èyí tó ń ka aago kó tó bú, àti èyí tó ń dúró de ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án. Ojú kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní. Ìjọba pa ìròyìn náà mọ́ kí àwọn Jámánì má bàa mọ bí iṣẹ́ wọn ṣe rí lára àwọn ará ìlú. Lẹ́yìn ogun ńkọ́? Ní erékùṣù Málítà, ní 1981, ọkùnrin kan rí ọ̀kan, ó rò pé irin lásán ni, ó jó o mọ́ páìpù láti fi ṣe òòlù. Ó kú. Ogun yẹn ti parí láti ọdún 36 ṣáájú.

Àwọn ará Soviet náà ò jókòó. Ní oṣù keje 1943 kan náà, ní ogun Kursk, ọkọ̀ òfuurufú Il-2 wọn ń da PTAB sórí táńkì Jámánì. Kékeré ni, àmọ́ kì í fi ariwo jagun bí kò ṣe ọgbọ́n: àrọ irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níwájú rẹ̀ tí ìbúgbàù ń sọ di ẹ̀là iná, ẹ̀là iná náà á sì gba òrùlé táńkì kọjá. Títí dòní, irú àrọ bẹ́ẹ̀, bàbà ló pọ̀ jù nínú wọn báyìí, ṣì wà níkùn ọ̀pọ̀ ọmọ bọ́ǹbù.

Ṣé o mọ̀ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí onímọ̀ ń bi ara rẹ̀ bó bá rí ọmọ bọ́ǹbù ni: kí ló ń gbé e dúró lófuurufú? Ìdáhùn rẹ̀ ló ń pín wọn sí ìdílé. Àwọn kan rí roboto, wọ́n ní ìlà gbọọrọ tó yọ sókè lára, atẹ́gùn ń kọlu àwọn ìlà náà, wọ́n sì ń yí bírí. Àwọn kan ní ìyẹ́ nídìí bí ọfà: Mk118 inú Rockeye gùn, imú rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ìyẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ rọ́bà líle. AO-1SCh ti Soviet náà ní ìyẹ́, àmọ́ irin dídà tó wúwo ni ara rẹ̀, bó bá ti dìpẹtà, o ò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ọta mọ́tà àtijọ́. Àwọn kan fi ọ̀já aṣọ ṣe ìrù. Àwọn kan ní páráṣúùtù. Ọmọ BL755 dé adé wáyà nídìí, adé tó ń ṣí sílẹ̀ bó bá ti kúrò níkùn ìyá. Mi ò rí irú adé bẹ́ẹ̀ lórí ọba rí. Lẹ́yìn ìdílé ni a tó ń wọn gígùn àti fífẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ń wá lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin.

Jẹ́ ká lọ sí Láósì, nítorí kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ tó ibẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé láàárín 1964 sí 1973, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà gbéra lọ ju bọ́ǹbù sí orílẹ̀-èdè kékeré yẹn ní ìgbà 580,000? Ọmọ bọ́ǹbù tí wọ́n dà síbẹ̀ tó mílíọ̀nù 270. Wọ́n ṣírò pé ó tó ìdá 30 nínú 100 tí kò bú, ìyẹn bíi mílíọ̀nù 80. Ènìyàn tó ń gbé ní Láósì nígbà náà kò ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Ju 50,000 ènìyàn ni bọ́ǹbù àti àjẹkù rẹ̀ ti pa tàbí sọ di aláàbọ̀ ara níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ogun, ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́yìn tí ogun ti tán.

Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni BLU-26. Bombi ni àwọn ará Láósì ń pe gbogbo irú wọn. Bọ́ọ̀lù irin tó ṣeé dì mọ́ àtẹ́lẹwọ́ ni, kò tó ìdajì kìlógíráàmù, bíi 600 ọta irin roboto ló sì wà nínú awọ ara rẹ̀. Àwọn ìlà tó yọ sókè lára rẹ̀ ló ń mú un yí, yíyí yìí ló sì ń jí i. Nítorí náà, ẹni tó ṣe é kò rò ó pé kó jọ ohun ìṣeré. Atẹ́gùn ló ń bá ṣe àdéhùn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́jọ tó rí i létí odò kò mọ̀ nípa atẹ́gùn. Bọ́ọ̀lù ló rí. Èmi ò gbà pé ẹni tó bá ṣe ohun tó rí báyìí, tó mọ̀ pé ìdá kan nínú rẹ̀ kò ní bú, lè sọ pé òun kò ro ti ọmọdé. Kò rò ó ni, ẹ̀bi sì ni àìrò náà.

BLU-3 tún wà níbẹ̀. Àwọ̀ yẹ́lò, ìyẹ́ mẹ́fà tó ṣí sókè: àwọn ológun Amẹ́ríkà fúnra wọn sọ ọ́ ní ọ̀pẹ̀yìnbó. BLU-24 ńkọ́? Wọ́n sọ ìyẹn ní ọsàn. Orúkọ èso ni wọ́n ń fún wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn kan ń fi àjẹkù ogun yẹn jẹun ní tòótọ́? Ní abúlé Napia, ní ẹkùn Xieng Khouang, wọ́n ń yọ́ alumíníọ́mù tí wọ́n rí lára ọkọ̀ òfuurufú àti ẹrù ogun, wọ́n ń fi í rọ ṣíbí, àwọn àlejò sì ń rà á. Ní Vientiane, olú-ìlú wọn, ilé-iṣẹ́ COPE ń ṣe ẹsẹ̀ àti ọwọ́ àfirọ́pò; ní yàrá ìṣàfihàn rẹ̀, wọ́n so ọmọ bọ́ǹbù rọ̀ láti àjà kí àlejò lè rí bí wọ́n ṣe ń já bọ́. Barack Obama dé ibẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2016, òun sì ni ààrẹ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó ṣàbẹ̀wò sí Láósì nígbà tó wà lórí oyè. Mílíọ̀nù 90 dọ́là fún ọdún mẹ́ta ló ṣèlérí fún yíyọ bọ́ǹbù.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀tá máa ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀tá? Ọwọ́ Soviet tẹ BLU-26 Amẹ́ríkà, wọ́n tú u wò, wọ́n sì ṣe tiwọn. ShOAB-0.5 ni wọ́n sọ ọ́. 565 ló ń wọ inú ìyá kan. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fi fọ́tò bọ́ọ̀lù irin onílà hàn ọ́, má tíì dá ẹjọ́. Ó lè jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ó lè jẹ́ ti Soviet. BLU-63 náà rí roboto, Amẹ́ríkà ló ni ìyẹn, ṣùgbọ́n kò ní ọta roboto nínú ara: irin ara rẹ̀ gan-an ni wọ́n fín wínníwínní kó lè fọ́ sí wẹ́wẹ́. Àfọ́kù tó wà nílẹ̀ ló máa ń sọ ìyàtọ̀.

Ó kan àwọn ọlọ́já wàyí. Ṣé o mọ̀ pé àwọn ni wọ́n tàn kálẹ̀ jù láyé òde òní? M42, M46, M77: gbogbo wọn rí bí ife kékeré tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 4, ìsàlẹ̀ wọn ṣí sílẹ̀, ọ̀já aṣọ funfun sì wà lórí. Inú ọta àgbá tàbí rọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kó wọn sí. Bí wọ́n bá ti dà jáde, ọ̀já á fò sókè, á mú kí ife náà kọjú sílẹ̀, á sì ṣí ohun tó dì í nínú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe iṣẹ́ méjì: àrọ bàbà inú rẹ̀ ń lu irin, ara rẹ̀ ń fọ́ sára ènìyàn. Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ irú yìí, àmọ́ àwọn tó ṣe tiwọn lẹ́yìn náà pọ̀. M85 ti Ísírẹ́lì wà. Ti Ṣáínà wà: ní 2006, Hezbollah, ẹgbẹ́ ajagun kan ní Lẹ́bánónì, yin rọ́kẹ́ẹ̀tì Ṣáínà tó gbé 39 irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí àríwá Ísírẹ́lì, ẹ̀gbà ọta irin wínníwínní ló sì yí ara wọn ká. Ọ̀já máa ń yàtọ̀, funfun níbí, pupa níbòmíràn, ìyẹn sì wà lára ohun tí onímọ̀ ń wò. Aburú ọ̀já ni pé ó ń há. Ó há sẹ́ka igi ólífì, ó há sórí ọgbà wáyà, ó rọ̀ dirodiro. Ọmọdé a rí i, a nawọ́ fa ọ̀já.

Lẹ́bánónì ni mo ti fẹ́ mú àpẹẹrẹ. Ogun Ísírẹ́lì àti Hezbollah ní 2006 gba ọjọ́ 34. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé nínú bọ́ǹbù ọlọ́mọ tó já síbẹ̀, ìdá 90 nínú 100 ló já ní wákàtí 72 tó kẹ́yìn, nígbà tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé ogun fẹ́ dáwọ́ dúró. Iye ọmọ bọ́ǹbù náà lè tó mílíọ̀nù 4. Oko ọsàn, oko tábà, oko ólífì, àkókò ìkórè sì ti dé.

Ibẹ̀ náà ni àṣírí M85 ti tú. Wọ́n ti ṣe fíúsì kejì sínú rẹ̀ kó lè pa ara rẹ̀ run bí ti àkọ́kọ́ bá kọ̀, wọ́n sì sọ pé kò ní ju ìdá 1 nínú 100 tí yóò ṣẹ́kù. Ní 2007, àjọ Norwegian People's Aid pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Norway lọ ka èyí tó wà nílẹ̀ gan-an. Bíi ìdá 10 nínú 100 ni wọ́n bá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín pápá ìdánwò àti oko àgbẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ kíkà yìí sì wà lára ohun tó mú ọ̀pọ̀ ìjọba yí ọkàn padà nígbà tí wọ́n ń jíròrò àdéhùn tó ka bọ́ǹbù ọlọ́mọ léèwọ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ṣé o mọ̀ pé oúnjẹ àti bọ́ǹbù wọ aṣọ kan náà rí? Afuganísítànì ni, ní ìparí 2001. Ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà ń ju àpò oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn tí ebi ń pa. Yẹ́lò ni àpò náà. Ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà kan náà ń ju CBU-87 sílẹ̀, BLU-97 ni ọmọ tó wà nínú rẹ̀. Yẹ́lò ni òun náà, ó tó ìwọ̀n agolo ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, bíi sẹ̀ǹtímítà 20 ló gùn. Iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan: ó ń lu irin, ó ń fọ́ sára ènìyàn, òrùka sìkóníọ́mù inú rẹ̀ sì ń dáná. Àwọn ológun ní láti máa sọ lórí rédíò, ní èdè àwọn ará ibẹ̀, pé ẹ ṣọ́ra, nǹkan yẹ́lò méjì ló ń já bọ́ láti ọ̀run, ọ̀kan ń bọ́ni, ọ̀kan ń pani. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n kéde pé àwọn yóò pa àwọ̀ àpò oúnjẹ dà sí búlúù. Àwọ̀ bọ́ǹbù ni wọn ò pa dà. Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ paṣọ dà nínú àwọn méjèèjì?

Ní ti àwọ̀, má gbára lé e. Lọ́dọ̀ Amẹ́ríkà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, yẹ́lò ń kìlọ̀ pé ohun ìbúgbàù wà nínú, àmọ́ òjò lè fọ ìkìlọ̀ náà nù. Ti Rọ́ṣíà, eérú tàbí fàdákà ló sábà máa ń jẹ́. Bombi tó ti wà nínú ilẹ̀ Láósì láti 1969 kò ní àwọ̀ kankan mọ́ bí kò ṣe àwọ̀ ìpẹtà.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ìbejì wà láàárín wọn? 9N210 àti 9N235 ti Rọ́ṣíà. Gígùn kan náà, fífẹ̀ kan náà, ìyẹ́ kan náà nídìí. Bí wọ́n bá tò wọ́n síwájú rẹ, o ò ní mọ Táíwò yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé. Inú wọn ló yàtọ̀. Gbogbo ègé irin tó wà nínú 9N210 ló dọ́gba. Nínú 9N235, oríṣi méjì ni, ńlá àti kékeré. Nítorí náà, bí ọ̀kan bá ti bú, ihò ara ògiri àti ègé irin tó wà nílẹ̀ ni onímọ̀ fi ń mọ èyí tó jẹ́. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Uragan ń gbé 30 nínú wọn, Smerch ń gbé 72. Aago wà nínú wọn tó yẹ kó bú wọn láàárín ìṣẹ́jú 2 bí wọn ò bá bú nígbà tí wọ́n kanlẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ní Ukraine ń rí wọn nínú oko àlìkámà síbẹ̀síbẹ̀.

Àmọ́ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ọmọ bọ́ǹbù ń sọ ẹni tó ṣe é. Kì í sọ ẹni tó yìn ín. Rọ́ṣíà ní Uragan, Ukraine ní Uragan, ogún Soviet ni fún àwọn méjèèjì. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin 2022, rọ́kẹ́ẹ̀tì Tochka-U tó gbé ọmọ bọ́ǹbù já sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Kramatorsk, ní Ukraine, ó pa ju 50 ènìyàn tó ń sá àsálà. Irú ọmọ bọ́ǹbù náà, 9N24, hàn kedere. Síbẹ̀ ó gba àjọ Human Rights Watch ní oṣù mẹ́wàá, pẹ̀lú fídíò, àwòrán sátẹ́láìtì àti ìṣirò ọ̀nà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì gbà, kí wọ́n tó tọ́ka sí agbègbè kan tó wà lábẹ́ àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, nọ́ńbà kékeré kan a tú gbogbo ọ̀rọ̀ síta. Misrata, ní Líbíyà, 2011: àwọn ọmọ ogun Gaddafi, olórí ilẹ̀ náà, ń yin mọ́tà ọlọ́mọ wọ ìlú. Wọ́n rí àjẹkù, wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀: MAT-120, Sípéènì ló ṣe é, 2007. Ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é, Sípéènì fọwọ́ sí àdéhùn tó ka irú rẹ̀ léèwọ̀. Àmọ́ ọjà ti dé Tripoli, olú-ìlú Líbíyà.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ bọ́ǹbù ti rán ènìyàn lẹ́wọ̀n? Ní ọjọ́ 2 àti 3 oṣù karùn-ún 1995, rọ́kẹ́ẹ̀tì Orkan já sí àárín ìlú Zagreb, ní Kroatíà. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan gbé 288 ọmọ, ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé 420 ọta wínníwínní. Ènìyàn 7 kú, ó lé ní 200 tó fara pa. Milan Martić, olórí àwọn Sẹ́ẹ́bù ní Kroatíà, ló pàṣẹ. Ilé ẹjọ́ àgbáyé fún ọ̀ràn ogun Yugoslavia, tó wà ní Hague, yẹ irú ohun ìjà náà wò, wọ́n ní ohun tí kò ṣeé fi yan ibi tí yóò já sí, tó sì ń fọ́n káàkiri báyìí, kò ṣeé yìn wọ àárín ìlú. Ọdún 35 ni wọ́n dá fún un ní 2007.

Àwọn oní-páráṣúùtù ni ìdílé tó gbówó lórí jù. BLU-108 ti Amẹ́ríkà ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì ń tú ẹ̀là mẹ́rin mẹ́rin jáde tó ń fi ojú ẹ̀rọ wá ooru ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ṣé o mọ̀ pé àdéhùn tó ka bọ́ǹbù ọlọ́mọ léèwọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún irú èyí, bó bá kún òṣùwọ̀n? Kó má ju 9 lọ nínú ìyá kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ju kìlógíráàmù 4 lọ, kó lè wá ohun kan ṣoṣo rí, kó lè pa ara rẹ̀ run, kó sì lè kú fúnra rẹ̀ bí bátìrì bá tán. Gbogbo rẹ̀ pátá ni kó pé. BLU-108 kò yege, ọmọ rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Bùràsíìlì náà wà lára àwọn tó ṣe bọ́ǹbù ọlọ́mọ. Ilé-iṣẹ́ Avibras níbẹ̀ ló ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì ASTROS. Ní 2015, àjọ Amnesty International rí àjẹkù ọmọ bọ́ǹbù rẹ̀ ní Sáádà, ní Yẹ́mẹ̀nì, níbi tí Sáúdí Arébíà àti àwọn alájọṣe rẹ̀ ti ń jagun. Bùràsíìlì kò fọwọ́ sí àdéhùn náà.

Àwa ńkọ́? Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti kan Nàìjíríà ju ìgbà kan lọ? Ní 1997, nígbà ogun Sàró, ìròyìn jáde pé ọkọ̀ òfuurufú Nàìjíríà tó wà lábẹ́ ECOMOG, ọmọ ogun àpapọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ju bọ́ǹbù ọlọ́mọ sí Lokosama nítòsí Port Loko, lẹ́yìn náà sí Kenema. Belouga ti Faransé ni wọ́n ní ó jẹ́. Ọ̀gágun ECOMOG sọ pé irọ́ ni. Ẹ sì wo bí orúkọ náà ṣe padà wá. Ní oṣù kẹwàá 2015, àwọn ológun Nàìjíríà kìlọ̀ fáwọn ará ìlú pé Boko Haram ti ń fi ọmọ bọ́ǹbù ṣe bọ́ǹbù àtọwọ́dá, àwọn ẹlẹ́rọ ọmọ ogun sì ti rí wọn ní Adamawa. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wo fọ́tò tí wọ́n gbé jáde, Belouga ló tún jókòó síbẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ mìlímítà 66. Ohun tí a ṣe fún ọkọ̀ òfuurufú ti di ohun tí ẹnì kan ń gbé sínú àpò.

Ọ̀rọ̀ Chad, aládùúgbò wa, náà kò rọrùn. Ní àríwá rẹ̀, ní agbègbè Faya-Largeau, AO-1SCh àti PTAB tí àwọn ọmọ ogun Líbíyà dà síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1980 ṣì wà nínú yanrìn.

Dublin ni wọ́n ti fẹnu kò sí Àdéhùn Lòdì sí Bọ́ǹbù Ọlọ́mọ ní oṣù karùn-ún 2008, Oslo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí i ní oṣù kejìlá, ó sì di òfin ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ 2010. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 2009, àmọ́ ó di 2023 kí ó tó fi òǹtẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Togo ti ṣe tirẹ̀ ní 2012, Benin ní 2017. Orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ ju 100 lọ, wọ́n sì ti ba mílíọ̀nù 179 ọmọ bọ́ǹbù jẹ́ nínú àká wọn. Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Ísírẹ́lì àti Ukraine kò sí níbẹ̀. Ní oṣù keje 2023, Amẹ́ríkà fún Ukraine ní ọta àgbá ọlọ́mọ, àwọn ọlọ́já tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù kẹta 2025, Lithuania jáde kúrò nínú àdéhùn náà, òun sì ni àkọ́kọ́ tó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù Rọ́ṣíà ló ń bà á, ó yéni. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò ti lò ó, ọmọ tirẹ̀ ni yóò sì fa ọ̀já.

Gbogbo ohun tí o kà yìí, ìyẹ́, ọ̀já, adé wáyà, ègé irin ńlá àti kékeré, iṣẹ́ àwọn tó kọ́ ọ ni. Wọn kò sì fi ọwọ́ ṣe é: fọ́tò ni wọ́n ń yà, òṣùwọ̀n ni wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé ni wọ́n ń tú. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, kò fi ọwọ́ ṣọ́ ọ. Bí o bá ní ará ní Adamawa, Borno tàbí Yobe, tí wọ́n ń padà sí oko tí wọ́n sá kúrò, ka apá yìí sí wọn létí: irin tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀, roboto tàbí gígùn, tuntun tàbí onípẹtà, ẹ má gbé e, ẹ má sọ ọ́ lókò, ẹ má dáná sún un, ẹ má tà á fún oníkòròfo irin. Ẹ gba ojú ẹsẹ̀ tí ẹ bá dé padà. Ẹ fi àmì sí ọ̀nà láti òkèèrè kí ẹlòmíràn má gbabẹ̀. Kí ẹ sì sọ fún ọlọ́pàá tàbí sójà tó wà nítòsí, tàbí kí ẹ pe 112.